Orí Karùn-ún: Ẹ Jẹ́ Kí Màmá Máa Tajà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ta èlùbọ́ ní Ọjà-Ọba n'Ìbàdàn fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Wọn ò mọ̀wé, wọn ò sì ní ìwé gbèsè. Orí ni wọ́n kọ gbogbo ẹni tó jẹ wọ́n lówó sí: ẹni tó gba kọ́ńgò mẹ́ta lọ́jọ́ Jímọ̀ tí kò tíì san ju ìdajì lọ, ẹni tó ń gba ẹ̀yìn ìsọ̀ kọjá kí ojú wọn má baà ṣe mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n di ẹni ọdún 71, àkọ́bí wọn tí nǹkan ti ń dùn fún l'Ékòó ní ìyà ọjà tó gẹ́ẹ́. "Màmá, ẹ ti ṣe tiyín. Ó kù kí ẹ jókòó máa jẹun ọmọ." Ó kó wọn lọ sí fúláàtì rẹ̀ ní òkè kẹta. Ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó gbé tẹlifíṣọ̀n síwájú wọn, ó gba ọmọdébìnrin kan tí yóò máa dáná. Bí Màmá bá dìde pé àwọn fẹ́ ṣa ẹ̀wà, wọ́n á ní, "Ẹ jókòó." Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ nasẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ní àtẹ̀gùn ti ga jù, ẹ jókòó. Ọmọ náà kò ṣe ibi. Gbogbo ẹbí ló ń yìn ín.

Kò tó ọdún méjì tí Màmá fi ń bèèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àmàlà tó jinná. Wọ́n ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pe ọmọ-ọmọ. Àwọn ará ilé ní, "Ọjọ́ orí ni. Wọ́n ti ń ṣarán."

Mi ò sọ pé ìjókòó ló fa gbogbo rẹ̀. Kò sí dókítà tó lè búra bẹ́ẹ̀ lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ ọpọlọ mú kí n gbà pé ohun tí àwa ń pè ní ìtọ́jú àgbà, ìyẹn kí á gba gbogbo iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ wọn, wà lára ohun tí ń pa wọ́n lára. Ohun tí orí yìí dá lé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ogbó sọ́tọ̀ kúrò lára àrùn. Kò sí ẹni tí iyè rẹ̀ kì í lọ́ra bó ṣe ń dàgbà. Bí bàbá ẹni ọdún 75 bá gbàgbé orúkọ ìyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀ keje, tó wá rántí rẹ̀ nígbà tó wọ balùwẹ̀, ẹ fi bàbá sílẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí bàbá yìí kan náà bá kírun tán ní mọ́ṣáláṣí tó ti ń lọ láti ogún ọdún, tí kò wá mọ ọ̀nà ilé mọ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó ti ń ro àmàlà láti kékeré, tó dúró ti iná tí kò mọ̀ bóyá omi ló ń ṣáájú tàbí èlùbọ́. Yorùbá ní ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣarán, tàbí pé iyè rẹ̀ ti rá. Dementia ni àwọn dókítà ń pè é. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára oríṣi rẹ̀ ni Alzheimer, tó ń jẹ́ orúkọ dókítà ará Jámánì tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1906: èérún purotéènì á máa dì sínú ọpọlọ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè ti máa dì fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Oríṣi kejì wá láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó le tàbí tó dí, tí apá ibì kan nínú ọpọlọ kò rí ẹ̀jẹ̀ tó mọ́. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣiṣẹ́. Apá wa kò tíì ká ti èérún yẹn. Ti iṣan ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ wa tó o.

N'Ìbàdàn náà ni ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tó lókìkí jù lórí àrùn yìí ti wáyé. Lọ́dún 1992, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, lára wọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti Adéṣọlá Ògúnníyì, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, tí Hugh Hendrie ṣáájú, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé dé ilé ní àdúgbò Ìdíkàn. Ẹni tó ti pé ọdún 65 ni wọ́n ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà yìí kò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, nítorí náà ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀wé, wọ́n wá ní láti ṣe ìbéèrè tí kò nílò gègé àti ìwé, kí wọ́n sì tún bi ará ilé àgbà náà léèrè bó ṣe ń ṣe sí. Lọ́wọ́ kan náà, wọ́n ń bi àwọn adúláwọ̀ tó ń gbé ní ìlú Indianapolis ní ìbéèrè kan náà.

Èsì jáde lọ́dún 2001. Àwọn 2,459 n'Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis, tí iyè wọn pé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n tẹ̀ lé fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Nínú 100 àgbà n'Ìbàdàn, àwọn tí dementia ń mú lọ́dún jẹ́ 1.35. Ní Indianapolis, ó jẹ́ 3.24. Ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín àwọn ènìyàn tí baba ńlá wọn jọ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣẹ̀ wá! Wọ́n wo àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tó ń mú kí Alzheimer tètè mú àwọn òyìnbó. Ó wà lára àwa náà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ níbí. Ojú gbogbo ènìyàn wá yí sí bí àwọn àgbà Ìdíkàn ṣe ń gbé ìgbé ayé: ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò pọ̀ láàárín wọn tó ti ọ̀hún, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, wọn kò sanra. Lóòótọ́, ó lè jẹ́ pé àwọn tí ara wọn kò le ti kú kí wọ́n tó pé 65, tó jẹ́ pé àwọn alágbára nìkan ló kù fún ìwádìí. Ọ̀ṣúntókun kò rí èsì yìí. Ọdún 1995 ló kú.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àwọn àgbà Ìdíkàn ìgbà náà fẹsẹ̀ rìn lọ ọjà, wọ́n jẹ ewédú àti ẹ̀wà, ilé wọn sì kún. Àwọn ọmọ wọn ti di àgbà báyìí. Ọ̀kadà ló ń gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà, mínírà ni wọ́n fi ń gba àlejò, ilé wọn sì ti ń dá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Ọpọlọ kò wúwo tó kílò kan àti ààbọ̀, kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ló ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ara ń lò. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bá a, àwọn mìíràn tín-ín-rín ju irun lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fi ipá gba inú wọn kọjá fún ogún ọdún, wọ́n á le, wọ́n á sán, ibi kékeré kan á kú níhìn-ín, òmíràn á kú lọ́hùn-ún, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣubú, láìsí rọpárọsẹ̀. Iyè ni yóò kàn máa dín kù. N'Ìbàdàn yìí kan náà, nígbà tí Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà wo àwọn àgbà tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru ni iyè wọn ń rá jù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín àwọn ènìyàn tó lé ní 9,300 sí méjì. Wọ́n rọ ẹ̀jẹ̀ apá kan wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ 120, wọ́n fi apá kejì sí ìsàlẹ̀ 140. Èsì tó jáde lọ́dún 2019 fi hàn pé àwọn tí wọ́n rọ ẹ̀jẹ̀ wọn jù ni iyè wọn kò tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Má fi èyí dá ara rẹ lóògùn kún oògùn o. Dókítà ló mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà lè wálẹ̀ dé tí òòyì kò fi ní gbé e ṣubú.

Ohun tí mo ń bá àwọn ènìyàn jà lé lórí ni oògùn tí wọ́n ń dá dúró. "Ara mi ti yá." Ara rẹ yá nítorí pé o ń lo oògùn ni! Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í fọ́ni lórí kó tó ṣe ibi tó fẹ́ ṣe. Iyọ̀ wá ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù márùn-ún lọ lójúmọ́, ìyẹn ò ju ṣíbí tíì kan lọ, Maggi àti iyọ̀ inú búrẹ́dì sì wà nínú rẹ̀. Ìyá tó bá da Maggi mẹ́rin sínú ọbẹ̀ tó tún wá bu iyọ̀ sí i, kó fi irú rọ́pò díẹ̀ nínú rẹ̀. Irú ń ta sánsán débi pé ahọ́n kò ní béèrè iyọ̀.

Ìrìn ni ìkejì. Apá kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hippocampus, òun ni ìrántí tuntun ń gbà wọlé, ó sì máa ń sún kì lọ́dọọdún bí a bá ti ń dàgbà. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà jáde pẹ̀lú èsì ìwádìí lórí àgbàlagbà 120. Wọ́n ní kí ìdajì wọn máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 40, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kí ìdajì kejì kàn máa na ara. Lẹ́yìn ọdún kan, hippocampus àwọn tó ń rìn fi ìdá 2 nínú 100 tóbi sí i. Ti àwọn tó kù sún kì. Àgbàlagbà ni apá kan nínú ọpọlọ rẹ̀ tóbi sí i nítorí pé ó ń rìn! Nígbà tí mo kà á, Ọjà-Ọba ni mo rántí, àti òkè Màpó tí Màmá ń gùn tí wọ́n ń sọ̀ lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé eré ìdárayá ni àwọn ń ṣe. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ òkè. Kí ìyá rìn dé ọjà, kí ó gbálẹ̀ àgbàlá, kí ó bomi rin ewédú ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Kó ṣáà máa mí kíkan díẹ̀, kó ṣì lè sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí iṣẹ́ orí, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé a ti ń ṣìnà jù. Bí wọ́n bá ní kí àgbàlagbà máa lo ọpọlọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn á rò pé ìwé ni wọ́n ń sọ, wọ́n á sì ní ìyá àwọn kò mọ̀wé. Ẹ wo ohun tí ìyá ọlọ́jà ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó wo ojú oníbàárà, ó rántí iye tó tà fún un níjọ́sí, ó bù ú lé e, ó ná an, ó ṣírò ṣéńjì, ó béèrè àlàáfíà ọmọ tó ń ṣe ìdánwò, ó sì ń wo ọmọ kékeré tó fẹ́ jí ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ń fi èdè wa kà á, ìṣírò mìíràn tún wà nínú kíkà yẹn fúnra rẹ̀: kí ẹnu tó pe márùndínláàádọ́ta, orí ti ní láti dé àádọ́ta kó tó yọ márùn-ún kúrò. Kò sí géèmù inú fóònù tó lè ṣe ju èyí lọ. Nígbà tí ọmọ bá gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, gbogbo èyí ló gbà, kì í ṣe ìyà nìkan.

Ayò ńkọ́? Ojúlé 12, ọmọ ayò 48, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta ń ka ti ọwọ́ ọ̀tá kí ó tó gbé tirẹ̀. Ní New York, wọ́n tẹ̀ lé àgbàlagbà 469 tí wọ́n ti lé ní ọdún 75, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2003: àwọn tó ń kàwé, tó ń ta ayò tiwọn bíi chess, tó ń lu ohun èlò orin, àti àwọn tó ń jó, ni dementia kò mú tó àwọn yòókù. Ó lè jẹ́ pé àwọn tí àrùn ti ń wọ̀ lára ni ijó kò wù mọ́. Àwọn olùwádìí náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá rí ìyá arúgbó tó fẹ́ jáde sójú agbo níbi ìnáwó, tí ọmọ rẹ̀ ń fà á láṣọ pé kó jókòó, inú mi kì í dùn. Ijó bàtà kọ́ ni wọ́n fẹ́ jó. Ẹ dì wọ́n lọ́wọ́ mú.

Kò sí bí ẹni tí kò gbọ́ràn ṣe lè wà nínú ọ̀rọ̀. Lọ́dún 2024, ìgbìmọ̀ onímọ̀ ti ìwé ìròyìn The Lancet ka ohun 14 tó ń fa dementia tí ènìyàn lè ṣe nǹkan sí, wọ́n ní bí a bá kápá gbogbo wọn, nǹkan bí 45 nínú 100 lè má wáyé rárá, tàbí kí ó pẹ́ kó tó dé. Etí dídi wà lára àwọn tó wúwo jù nínú wọn. Ojú tí kò ríran dáadáa wà níbẹ̀, àti ìdánìkanwà, àti orí tó fara pa nínú jàǹbá ọ̀kadà, àti èéfín. Àgbàlagbà tí kò gbọ́ràn á kọ́kọ́ máa ní "Kí lẹ wí?" Nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, á kàn máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà, á wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ọpọlọ tí à ń pè tí kò dáhùn, etí ni kò jẹ́ kó gbọ́. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún apá kan nínú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n kó jọ ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, wọ́n tẹ̀ lé gbogbo wọn fún ọdún mẹ́ta, èsì sì jáde lọ́dún 2023. Láàárín gbogbo àwọn 977 tó kópa, ìyàtọ̀ kò hàn. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ewu àrùn wà lórí wọn jù, iyè wọn fi nǹkan bí ìdajì dín eré tó fi ń sá lọ kù. Ẹ̀rọ yẹn wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wo inú etí náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdọ̀tí etí ló dì mọ́ ibẹ̀ gbagidi, ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi ń ro ó ló sì ń tì í wọlé.

Oorun kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí a bá ń sùn, omi kan ń ṣàn gba inú ọpọlọ kọjá, ó ń fọ ìdọ̀tí òòjọ́ dànù. Lára eku ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí èyí lọ́dún 2013. Ìṣọ́ òru lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ẹni ọdún 70, ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà má fi Piriton tàbí Valium wá oorun. Àwọn oògùn yìí ń dojú iyè rú, wọ́n sì ń mú kí àgbà ṣubú lóru.

Oúnjẹ náà kò le. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja, èso, èlùbọ́ tí kò pọ̀ jù lábẹ́ ọbẹ̀ tó pọ̀. Ní ti àwọn oògùn ìsọ̀yè tí wọ́n ń polówó lórí rédíò, àti kápúsù tí àwọn ọmọ ń kó wá láti òkè òkun: lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má lo fítámì B, fítámì E tàbí àdàpọ̀ wọn nítorí pé kí iyè má baà rá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé fítámì B12 kéré lára ẹnì kan, ìyẹn yàtọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó kéré lára ẹni tó ti ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ bi dókítà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò. Bí iyè àgbàlagbà bá dàrú lójijì, láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, kì í ṣe arán. Ibà, àrùn inú ìtọ̀, àìmumitó, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ tàbí oògùn tuntun lè fà á, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Bí ó bá sì jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ̀, tí ìyá arúgbó ń rìn kiri lóru, tó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, tó ń sọ pé wọ́n jí owó òun, ẹ má pè é ní àjẹ́. Àwọn ìyá tí wọ́n ti lù, tí wọ́n ti lé kúrò nílé nítorí irú èyí pọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn.

Bóyá ìwọ tó ń kà á ń wá èwo ni kó mú. Ní orílẹ̀-èdè Finland, wọ́n kó àwọn 1,260 jọ, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 60 sí 77. Wọ́n pa oúnjẹ, eré ìdárayá, iṣẹ́ orí àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ fún ìdajì wọn, ọdún méjì gbáko. Ìmọ̀ràn lásán ni wọ́n fún ìdajì kejì. Èsì 2015 fi hàn pé àwọn tó ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni ọpọlọ wọn já fáfá jù. Nígbà tí mo kà á, mo ní àwọn ará Finland san owó ńlá láti ṣètò ohun tí ọjà ń ṣe fún Màmá lọ́fẹ̀ẹ́, yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn ìyá tó lọ bá ọmọ gbé ní London tàbí Houston mọ ohun tí mo ń sọ. Òtútù kò jẹ́ kí wọ́n jáde, wọn kò mọ aládùúgbò, ọmọ jáde láàárọ̀ kò wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ bá wọn wá ìjọ tàbí ẹgbẹ́ àsálàtù tó ń sọ Yorùbá kí ẹ tó ra tẹlifíṣọ̀n.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, nígbà tí a gbé wọn dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 182 lórí 104. Ọmọ tó ra bẹ́ẹ̀dì olówó iyebíye kò wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ rí. Etí òsì wọn dí pátápátá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn, wọ́n fọ etí, wọ́n padà s'Íbàdàn. Ìsọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àbúrò wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ jókòó tì í láàárọ̀, wọ́n ń bu èlùbọ́, wọ́n ń gbowó, wọ́n ń bú oníbàárà. Ohun tó ti lọ kò padà tán. Wọ́n ṣì ń ṣi àwọn ọmọ-ọmọ pè. Àmọ́ wọ́n mọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bí ìyá tàbí bàbá rẹ bá ṣì wà, pè wọ́n lálẹ́ òní. Bèèrè ìgbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ní kí wọ́n ki oríkì ìdílé yín fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá dúró láàárín, tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tó kàn, jọ̀ọ́, dákẹ́. Má bá wọn parí rẹ̀.